Ọ̀rọ̀ Kan fún Ohun Méjì: Àyẹ̀wò Ìwé Físíìsì ti Émilie du Châtelet

Ní ọdún 1740 ni ìwé kan jáde ní ìlú Paris láìsí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ lára rẹ̀. Institutions de physique ni orúkọ ìwé náà, ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ físíìsì sì ni ó wà fún. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Émilie du Châtelet, tí a bí ní 1706, ni ó kọ ọ́, ọmọkùnrin rẹ̀ ni ó sì kọ ọ́ fún. Ní 1742 ni ìwé náà tún jáde lẹ́ẹ̀kejì, tòun ti orúkọ rẹ̀. Ìwé àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àti àwọn olùwádìí èdè Yorùbá-Nàgó yẹ̀ ẹ́ wò dáradára. Ìṣòro tí obìnrin yìí bá pàdé nígbà tí ó fẹ́ fi èdè ilé rẹ̀ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní físíìsì náà ni ó ń dúró de ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà nílẹ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí sì ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn olùkọ́ sábà máa ń rò pé fọ́múlà ni ó ń ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìṣirò físíìsì. Ìtàn ìwé yìí fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí fọ́múlà kò ṣòro fún rárá fi ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ bá ara wọn jà lórí ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé lónìí lè ṣe tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé wọ́n fi orúkọ kan ṣoṣo pe ohun méjì.

1. Ète ìwé náà

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, du Châtelet dárò pé kò sí ìwé físíìsì kan tí ó kún tó ní èdè Faransé tí ọ̀dọ́ lè fi kẹ́kọ̀ọ́. Èdè Látìn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà fi ń kọ ìwé wọn. Látìn ni Newton fi kọ ìwé ńlá rẹ̀, Principia, tí ó jáde ní 1687. Du Châtelet kan náà ni ó wá túmọ̀ ìwé yìí sí èdè Faransé. Ó parí iṣẹ́ náà díẹ̀ kí ó tó kú ní 1749, ìtumọ̀ náà sì jáde lódindi ní 1759. Títí di òní olónìí, òun ni ìtumọ̀ tí àwọn tí ń ka èdè Faransé mọ̀ jù lọ. Iṣẹ́ obìnrin yìí kò yàtọ̀ nígbà náà sí iṣẹ́ àwọn tí ń gbé ìmọ̀ kúrò nínú èdè àwọn díẹ̀ bọ̀ sínú èdè tí ọmọdé ń gbọ́ nínú ilé.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a yin ìwé náà fún lákọ̀ọ́kọ́. Kò fi fọ́múlà bẹ̀rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ni orí kìíní rẹ̀ dá lé lórí: pé ohun kan kò lè jẹ́ òótọ́ kí ó tún jẹ́ irọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé kò sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láìnídìí. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà yìí wọlé yóò kọ́kọ́ bèèrè pé kí ni ó ṣẹlẹ̀, kí ni ó fà á, kí ó tó mú kálámù láti ṣe ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ìwé lónìí ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n a to fọ́múlà jọ bí ẹni to igbá ọjà, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa wo lẹ́tà tí ó wà nínú ìbéèrè, a mú fọ́múlà tí lẹ́tà rẹ̀ jọ ọ́, a sì ṣe ìṣirò láìmọ̀ ohun tí ó ń ṣe.

2. Ìjà lórí ọ̀rọ̀ náà force

Àléébù ìwé náà wà nínú orí tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀, orí 21, èyí tí ó dá lórí ohun tí èdè Faransé ń pè ní force. Kí àléébù náà tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ ìjà tí ó wà nílẹ̀ kí ìwé náà tó jáde.

Ní 1644, Descartes ti kọ ọ́ pé ìrìn tí ó wà nínú ayé kì í dín, bẹ́ẹ̀ ni kì í lé. Ọ̀nà tí ó gbà wọn ìrìn yìí ni pé kí ènìyàn mú bí ohun kan ṣe tóbi tó, kí ó sì fi ìyára rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ìwọ̀n ìrìn ni ó pè é. Lónìí, ìwúwo ni a fi rọ́pò títóbi, fọ́múlà rẹ̀ sì ni m × v.

Ní 1686, Leibniz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dìde sí ọ̀rọ̀ yìí. Àpẹẹrẹ tí ó mú wá rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè fi kọ́ àwọn àgbàlagbà nínú kíláàsì alẹ́. Ká ní ẹrù kan jẹ́ kìlò 1, a sì gbé e dé òkè tí ó ga ní mítà 4. Ká ní òmíràn jẹ́ kìlò 4, a sì gbé e dé òkè mítà 1. Làálàá kan náà ni ẹrù méjèèjì gbà, nítorí pé gbígbé kìlò 4 sókè ní mítà 1 kò yàtọ̀ sí gbígbé kìlò 1 sókè ní mítà 1 lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ẹrù méjèèjì bá wá já bọ́, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé bọ̀ nílẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n Galileo ti fi hàn pé ohun tí ó já láti òkè tí ó ga ní ìlọ́po mẹ́rin kò yára ju ìlọ́po méjì lọ nígbà tí ó bá dé ilẹ̀. Bí ìyára ẹrù kejì bá jẹ́ 1, ti èkíní yóò jẹ́ 2. Bí a bá fi ọ̀nà Descartes wọ̀n wọ́n, èkíní yóò jẹ́ 1 × 2 = 2, èkejì yóò sì jẹ́ 4 × 1 = 4. Wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ fi ìyára sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, èkíní yóò jẹ́ 1 × 2 × 2 = 4, èkejì yóò sì jẹ́ 4 × 1 × 1 = 4. Wọ́n dọ́gba. Leibniz sọ pé èyí ni òṣùwọ̀n force gan-an, ó sì pè é ní ipá alààyè.

Ìdánwò kan tún wá ran ẹgbẹ́ Leibniz lọ́wọ́. Ní Leiden, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, 's Gravesande ju àwọn bọ́ọ̀lù idẹ tí wọ́n tóbi bákan náà ṣùgbọ́n tí ìwúwo wọn yàtọ̀ sínú amọ̀ rírọ̀, ó sì kọ ohun tí ó rí jáde ní 1722. Bí ìwúwo bá dín kù sí ìdajì, tí gíga òkè tí bọ́ọ̀lù ti já sì di ìlọ́po méjì, ihò tí ó dá sínú amọ̀ kò yàtọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ amọ̀ ìkòkò lè tún ìdánwò yìí ṣe nínú àgbàlá rẹ̀.

Du Châtelet dúró lẹ́yìn Leibniz. Voltaire, tí wọ́n jọ ń gbé ní Cirey, dúró sí ìhà kejì, ó sì gbé iyèméjì rẹ̀ jáde nínú ìwé kan ní 1741. Nínú ilé kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà pín ènìyàn méjì níyà.

3. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta

Nínú àwọn ẹ̀rí tí du Châtelet mú wá nínú orí 21, ọ̀kan wà tí ó ti ọwọ́ Hermann wá, òun ni ó sì gbóná jù lọ. Bọ́ọ̀lù kan tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1 ń lọ pẹ̀lú ìyára 2. Ó kọlu bọ́ọ̀lù tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 3, tí ó dúró jẹ́ẹ́. Bọ́ọ̀lù wọ̀nyí jẹ́ irú èyí tí ó máa ń ta padà láìṣẹ́kù. Lẹ́yìn ìkọlù náà, bọ́ọ̀lù ńlá lọ síwájú pẹ̀lú ìyára 1, kékeré sì ta padà sẹ́yìn pẹ̀lú ìyára 1. Nígbà tí kékeré ń padà, ó kọlu bọ́ọ̀lù mìíràn tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1, ó gbé gbogbo ìyára rẹ̀ fún un, ó sì dúró. Du Châtelet ṣe ìṣirò rẹ̀ pé bọ́ọ̀lù ńlá ní 3 × 1 × 1 = 3, bọ́ọ̀lù kẹta ní 1 × 1 × 1 = 1, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 4. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù kìíní ní 1 × 2 × 2 = 4. Kò dín, kò lé. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá lo ọ̀nà Descartes, 2 ni yóò rí ní ìbẹ̀rẹ̀, 3 + 1 = 4 ni yóò sì rí ní ìparí. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí: òṣùwọ̀n Descartes kò tọ̀nà.

Dortous de Mairan, akọ̀wé àgbà ilé ìmọ̀ Académie des sciences, fún un lésì ní 1741, òun náà sì fèsì ní ọdún kan náà. Obìnrin kò lè jókòó nínú ilé ìmọ̀ náà nígbà ayé rẹ̀, síbẹ̀ akọ̀wé àgbà rẹ̀ ní láti dá a lóhùn ní gbangba. Ọ̀kan nínú àtakò Mairan ni pé bọ́ọ̀lù tí ó ń lọ sẹ́yìn kò yẹ kí a kà á pọ̀ mọ́ èyí tí ń lọ síwájú. Ńṣe ni ó yẹ kí a yọ ọ́ kúrò. Bí gbèsè ni ó rí. Ẹni tí ó ní 3 lọ́wọ́ tí ó sì jẹ gbèsè 1 kò lè sọ pé òun ní 4. Bí a bá yọ 1 kúrò nínú 3, 2 ni ó kù, iye tí ó sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ibí yìí ni àléébù orí náà ti hàn. Ìhà méjèèjì ni ìṣirò wọn pé. Àpapọ̀ m × v, bí a bá fi ìhà tí ohun kọjú sí kún un, jẹ́ 2 ṣáájú, ó sì jẹ́ 2 lẹ́yìn. Àpapọ̀ m × v × v jẹ́ 4 ṣáájú, ó sì jẹ́ 4 lẹ́yìn. Òfin ìpamọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Du Châtelet fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ dá ọ̀kan láre kí ó lè dá èkejì lẹ́bi, nígbà tí ó jẹ́ pé méjèèjì ni ọmọ rẹ̀ nílò.

Ìdí tí ó fi nílò méjèèjì kò ṣòro láti rí. Ká ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí bọ́ọ̀lù kìíní àti èkejì ṣe lọ lẹ́yìn ìkọlù. Ohun méjì ni kò mọ̀: ìyára bọ́ọ̀lù kékeré, tí a ó pè ní u, àti ti bọ́ọ̀lù ńlá, tí a ó pè ní w. Òfin kìíní fún un ní u + 3w = 2. Pẹ̀lú èyí nìkan, ìdáhùn kò lóǹkà. Òfin kejì fún un ní u × u + 3 × w × w = 4. Pẹ̀lú èyí nìkan, ìdáhùn kò lóǹkà bákan náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi 2 − 3w rọ́pò u nínú òfin kejì, yóò rí i pé 12 × w × w = 12 × w, èyí tí ó túmọ̀ sí pé w jẹ́ 0 tàbí 1. Bí w bá jẹ́ 0, bọ́ọ̀lù ńlá kò tíì kúrò lójú kan, èyí tí í ṣe ipò rẹ̀ kí ìkọlù tó wáyé. Nítorí náà w jẹ́ 1, u sì jẹ́ −1: kékeré ta padà. Ohun tí Hermann sọ gan-an nìyí. Òfin méjèèjì ni ó bí ìdáhùn náà, bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe ń wẹ òsì tí òsì sì ń wẹ ọ̀tún.

4. Nígbà tí bọ́ọ̀lù jẹ́ amọ̀

Mímọ òfin méjèèjì nìkan kò tó. Ó tún yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn kò ní ràn án lọ́wọ́. Ká fi amọ̀ rírọ̀ rọ́pò bọ́ọ̀lù tí ń ta padà. Ìṣù amọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1 ń lọ pẹ̀lú ìyára 2, ó kọlu ìṣù tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 3, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ìwúwo wọn ti di 4. Ìwọ̀n ìrìn wọn ṣì jẹ́ 2, nítorí náà ìyára wọn jẹ́ ìdajì 1. Ṣùgbọ́n bí a bá wo òṣùwọ̀n kejì, 4 × ½ × ½ jẹ́ 1 péré, bẹ́ẹ̀ sì ni 4 ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta ti kúrò níbẹ̀. Kò parẹ́: òun ni ó tẹ amọ̀ rẹ́, òun ni ó sì mú un gbóná díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sáré mú fọ́múlà kejì nítorí pé ó ti há a sórí yóò sọ pé ìyára náà jẹ́ 1, yóò sì ti ṣìnà.

Àwọn tí ó wà ní ẹgbẹ́ Descartes máa ń tọ́ka sí irú ìkọlù yìí, níbi tí ipá alààyè ti dín kù lójú gbogbo ènìyàn. Ìdáhùn Leibniz ni pé kò sọnù, ó kàn wọ inú àwọn ẹ̀yà kéékèèké ohun náà ni. Òtítọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí ọdún 1840 sí 1850 kí ìwọ̀n tí Joule ṣe lórí ooru tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

5. Àkókò àti ọ̀nà jíjìn

Mairan ní ẹ̀rí mìíràn, èyí tí ó ti kọ sílẹ̀ láti 1728. Ó ní kí a má ṣe wo bí ohun kan ṣe jìnnà tó kí ó tó dúró. Kí a wo bí ó ṣe pẹ́ tó. Du Châtelet ní ọ̀nà jíjìn ni ó yẹ kí a wò. Àpẹẹrẹ kan láti ojú títì yóò fi hàn pé ìbéèrè méjì tí ó yàtọ̀ ni wọ́n ń dáhùn.

Alùpùpù kan ń lọ ní kìlómítà 36 ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó ń gùn ún rí ọmọdé lójú títì, ó sì tẹ bíréèkì tí ó ń dín ìyára rẹ̀ kù ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá 2 ni yóò lò kí ó tó dúró, mítà 10 ni yóò sì rìn. Ká ní kìlómítà 72 ni ó ń sá, tí bíréèkì kò sì yí padà. Àkókò yóò di ìlọ́po méjì, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 4. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn mítà 40.

Ẹni tí ó ń ka àkókò yóò sọ pé Mairan ni ó jàre. Ẹni tí ó ń ka mítà yóò sọ pé du Châtelet ni. Lójú ọmọdé tí ó wà lójú títì, mítà ni ó ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń gun alùpùpù rò pé bí òun bá fi ìyára kún ìyára lẹ́ẹ̀mejì, ewu náà di ìlọ́po méjì péré. Èrò Descartes ni wọ́n ń rò láìmọ̀, níbi tí ó jẹ́ pé òṣùwọ̀n Leibniz ni ó yẹ kí wọ́n lò. Olùkọ́ tí ó bá lè fi èdè tí wọ́n ń sọ ṣàlàyé ìṣirò yìí fún wọn kò kọ́ wọn ní físíìsì nìkan. Ó lè gba ẹ̀mí là.

6. Ṣé ìjà ọ̀rọ̀ lásán ni?

Ní 1743, d'Alembert gbé ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti sọ pé gbogbo àríyànjiyàn yìí kò ju ìjà lórí ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ni ó ti tún ìdájọ́ yìí sọ láti ìgbà náà, bí ẹni pé ìjà lórí ọ̀rọ̀ jẹ́ ìjà àwọn tí kò níṣẹ́ ṣe. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè kọ ìdájọ́ yìí, ó kéré tán ní ìdajì. Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ni ó fa ìjà náà. Kì í ṣe òtítọ́ pé nítorí bẹ́ẹ̀ ó kéré. Ọ̀rọ̀ ni ó ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ni ó ń yọ ọfà lápó. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ kan ṣoṣo wà, ó dá gbogbo ènìyàn lójú pé ohun kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́, àti pé òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni ó lè tọ̀nà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà jẹ́rìí sí èyí. Ní 1807, Thomas Young ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òṣùwọ̀n kejì ní orúkọ tirẹ̀, energy. Ní 1829, Coriolis ní ilẹ̀ Faransé fún ọ̀rọ̀ náà travail, tí í ṣe iṣẹ́, ní ìtumọ̀ tí físíìsì ń lò títí di òní: ipá tí a fi ọ̀nà jíjìn sọ di púpọ̀. Òun kan náà ni ó pín òṣùwọ̀n Leibniz sí méjì, tí ó fi di ½ × m × v × v, kí ó lè bá iṣẹ́ dọ́gba. Síbẹ̀, ní 1847, nígbà tí Helmholtz ní ilẹ̀ Jámánì kọ ìwé rẹ̀ lórí òfin ìpamọ́, Kraft ni ó ṣì ń pe ohun tí ó ń pamọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan náà tí èdè rẹ̀ ń lò fún ipá. Nítorí náà, kò sí èdè kan tí ó bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tán láti inú ìyá rẹ̀ wá. Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó ní wọn.

7. Agbára, ipá àti okun

Ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣe irú ohun tí force ṣe nínú ìwé du Châtelet ni agbára ń ṣe nínú èdè Yorùbá. Agbára ni ènìyàn fi ń ti ọkọ̀, agbára ni oúnjẹ ń fún ara, agbára ni ẹ̀rọ ní, agbára sì ni òfin àti ọba ní. Bí olùkọ́ bá kọ agbára sí ibi mẹ́ta nínú ìṣirò kan, ohun mẹ́ta ni ó lè jẹ́.

Ṣùgbọ́n èdè náà kò tòṣì. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ yóò rí ọ̀rọ̀ mìíràn méjì. Èkíní ni ipá. A máa ń fi ipá ti ilẹ̀kùn, a máa ń fi ipá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí ẹnì kan ń ṣe sí òmíràn ni, ó sì ní ìhà tí ó kọjú sí. Èkejì ni okun. Ènìyàn ń jẹun kí ó lè lókun. Okun rẹ̀ lè dín kù lẹ́yìn iṣẹ́. Okun inú sì ni a fi ń gbé tìta. Òwe yìí sún mọ́ ohun tí Coriolis ń wá: ohun tí ó wà ní ìpamọ́ nínú, tí ó ń di iṣẹ́ lóde. Bí ipá bá dúró fún ìtì àti ìfà, tí okun dúró fún ohun tí ń di iṣẹ́, agbára lè wá dúró fún bí iṣẹ́ náà ṣe yá tó. Ẹ̀rọ ọlọ méjì tí wọ́n lọ àgbàdo kan náà kúnná bákan náà ti ṣe iṣẹ́ kan náà. Èyí tí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ̀ ọ́ ní agbára ju èyí tí ó fi ogún lọ̀ ọ́ lọ.

Àbá yìí ní àbùkù tirẹ̀, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó sọ pé ipá òun kò ká nǹkan ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó wà lára rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó ń ṣe sí òmíràn. Ààlà tí ó wà láàrin ipá àti okun kò mọ́ tónítóní nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Bákan náà, àwọn ènìyàn máa ń sọ pé okun àwọn ti tán, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ìpamọ́ sọ pé kì í tán. Ńṣe ni ó ṣí lọ síbòmíràn. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ èyí gbangba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ náà yóò tan akẹ́kọ̀ọ́ bí force ṣe tan àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó sì yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní Àtàkpámẹ̀ kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú wọn ń lò, kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ ìlú mìíràn lé wọn lórí.

Ohun kejì tí kò ṣe é fojú fò ni àmì ohùn. Okun ni ohun tí oúnjẹ ń fún ni, okùn ni a fi ń fa omi láti inú kànga, òkun ni omi ńlá. Ipá ni a fi ń ti nǹkan, ipa ni ohun tí ó fi sílẹ̀ níbi tí ó gbà kọjá, ìpá sì ni àìsàn. Nínú ìṣirò kan tí korobá ti ń gòkè láti inú kànga, okun àti okùn yóò wà nínú gbólóhùn kan náà. Òǹkọ̀wé tí ó bá yọ àmì ohùn kúrò kí iṣẹ́ ìtẹ̀wé lè yá ti ba ìṣirò náà jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé kò sí ìdí fún gbogbo wàhálà yìí, níwọ̀n ìgbà tí Faransé wà ní ilé-ìwé. Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà tí a bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti dá wọn lóhùn. Odindi ọdún mẹ́fà ni a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ nínú ètò náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ wọn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn.

8. Ìdájọ́

Kí ni a ó wá sọ nípa ìwé du Châtelet? Ìwé rere ni, ó sì ní àṣìṣe ńlá kan. Rere rẹ̀ ni pé ó fi ìdí ṣáájú fọ́múlà, ó fi èdè tí ọmọ gbọ́ kọ ọ́, ó sì mú ìṣirò tí ènìyàn lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀ wá. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó gbà pé force jẹ́ ohun kan ṣoṣo nítorí pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn alátakò rẹ̀ pín nínú àṣìṣe yìí pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí a fi òun nìkan jẹ̀bi. 

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ jèrè nínú ìwé náà yóò to iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi èdè ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ṣé ó ta padà ni, àbí ó lẹ̀ mọ́ra? Kí ó sọ ohun tí ìbéèrè ń wá, àkókò ni tàbí ọ̀nà jíjìn. Kí ó fún ohun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Kí ó wá bèèrè èwo nínú wọn ni àpapọ̀ rẹ̀ kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn èyí ni kí ó kọ fọ́múlà. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, ìṣirò tí ó kù kò ní ju èyí tí ìyálọ́jà ń ṣe lójoojúmọ́ lọ nígbà tí ó bá ń ka owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde.